Kí o tó wọ ẹgbẹ́ náà, béèrè ẹni tó máa sin ọ́

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ dáadáa. O ní ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàka ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kí o wá wọ ẹgbẹ́ awo àwọn, pé àwọn èèyàn jàǹkàn-jàǹkàn Àkúrẹ́ ló wà níbẹ̀, pé tí o bá ti wọlé, ipò adarí kò ní í jìnnà sí ọ mọ́. O ní owó ìwọlé kò le, àmọ́ wọn kò jẹ́ kí o mọ ohun tí o máa búra lé lórí. O tún ní ìyàwó rẹ, tó jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì, kò tíì gbọ́. Àwọn kan ti sọ fún ọ pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń mu níbẹ̀, àwọn mìíràn ní ilé ọlá ni, kí o yára. Èmi kò wọ ẹgbẹ́ kankan rí, àmọ́ opó ọmọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mí. Òǹdó níbí ni mo ti ń ta aṣọ láti ìgbà tí ọkọ mi wà láàyè. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ní gbogbo ọdún tí ọkọ mi fi wà níbẹ̀, n kò rí ẹ̀jẹ̀, n kò rí orí èèyàn, ìkankan nínú àwọn ọmọ mi kò sì kú ikú àìmọ̀dí. Ohun tí mo rí ni báàgì dúdú kan tó ní àgádágodo, tó máa ń wà lábẹ́ wọ́dúróòbù. Mo tún rí ìró funfun kan tí kì í jẹ́ kí n fọ̀. Ọkùnrin tí kì í ṣan ife tó fi mu omi, tó bá ti ku ọ̀la kí wọ́n ṣèpàdé, á wọ balùwẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, á fọ ìró náà fúnra rẹ̀, á sá a sẹ́yìn kọ́tìnnì nínú yàrá kí àwọn ọmọ má baà rí i. Tó bá di òru, á dìde, á fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Èmi á dùbúlẹ̀, màá ṣe bí ẹni tó ti sùn. Nínú ilé tí èmi náà fowó kọ́, ohun kan wà tí n kò gbọdọ̀ béèrè. Ìyẹn ló kọ́kọ́ wọlé wá, kí àǹfààní kankan tó wọlé.

Àǹfààní wà o, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, dókítà kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn ló dúró tì í, wọn kò jẹ́ kí n ra oògùn. Wọ́n ń wá kí i ní méjì-méjì, wọ́n ń gbé èso wá, wọ́n ń bá mi ṣàwàdà kí ojú mi lè dá. Ọmọlúàbí ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé èṣù ni gbogbo wọn kò tíì bá wọn jókòó rí.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. A ní ilẹ̀ kan lọ́nà Bọ́lọ́rundúró tí àgbẹ̀ kan ní ti baba òun ni. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Lọ́yà tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ gba ẹjọ́ náà fún ọkọ mi láìgba kọ́bọ̀, kò sì pẹ́ tí àgbẹ̀ náà fi ní òun kò ṣẹjọ́ mọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ mi wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní, "Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyàwó àgbẹ̀ yẹn, ó máa ń gba àǹkárá àwìn lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn ẹjọ́ náà, ó san gbèsè rẹ̀ tán, kò sì yà sọ́dọ̀ mi mọ́. N kò mọ̀ títí di òní bóyá òdodo ló wà lẹ́yìn wa lọ́jọ́ náà, àbí èèyàn la ní lẹ́yìn.

Ọmọbìnrin mi tó ka ìwé òfin ló ṣí i hàn mí nígbà tó yá. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ẹ̀ka 38, ẹsẹ̀ kẹrin, sọ pé òmìnira láti ṣe ẹ̀sìn tó wuni kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti dá ẹgbẹ́ òkùnkùn sílẹ̀ tàbí láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀ka 318 ló wá ṣàlàyé irú ẹgbẹ́ tí wọ́n ní lọ́kàn. Lára rẹ̀ ni ẹgbẹ́ tó ń lo àmì tàbí ìbúra ìkọ̀kọ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbe ara wọn láìwo ẹni tí nǹkan tọ́ sí, láìwo òdodo, tí ìyẹn sì ń pa ẹni tí kò sí lára wọn lára. Bí ó ti ń kà á, ìyàwó àgbẹ̀ yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n tún ka ẹgbẹ́ tí aráàlú kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́ ọn, tí wọ́n ń fi orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ pamọ́, tí wọ́n ń fi ìpàdé pamọ́. Òfin ní ì báà forúkọ sílẹ̀, ì báà má forúkọ sílẹ̀. Nítorí náà, bí ọ̀gá rẹ bá na ìwé ìforúkọsílẹ̀ sí ọ, ìyẹn nìkan kò parí ọ̀rọ̀.

Ìwọ tí o ń jẹ owó oṣù ìjọba ló tún kàn jù. Àfikún Karùn-ún inú òfin yẹn, níbi tí wọ́n ti to ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba, kọ̀ fún un láti wà nínú ẹgbẹ́ tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ tàbí iyì ipò rẹ̀ mu. Tó bá jẹ́ pé o ń ro ìdìbò lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀ka 182 ní ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn kò lè dupò gómìnà. O lè máa fi mí rẹ́rìn-ín níbi tí mo dé yìí, kí o ní ta ni kò mọ àwọn tó wà níbẹ̀. Mo gbọ́. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹnìkan bá ń wá ohun tó máa fi yọ ọ́ nípò, òfin tó ti ń sùn yẹn ló máa jí.

Má sì kó gbogbo ẹgbẹ́ pọ̀ sójú kan. Ti àwọn ọmọ yunifásítì tó ń fi àáké ṣá ara wọn, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni, n kò bá a débẹ̀. Ògbóni ìlú láyé àtijọ́, èyí tí àwọn Ìjẹ̀bú ń pè ní Òṣùgbó, apá kan ìjọba ni, ọ̀rọ̀ ọba àti ìlú ni wọ́n ń yanjú ní ìlédì, ilé ìpàdé wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Reformed Ogboni Fraternity yàtọ̀: àlùfáà Áńgílíkà kan, T.A.J. Ogunbiyi, ló dá a sílẹ̀ ní Èkó ní 1914. Ti àwọn Freemason, ọ̀dọ̀ òyìnbó ló ti wá, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti dá Lọ́ọ̀jì Àgbà àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1717. Kò ju ọdún mọ́kànlélógún lọ tí Póòpù Clement Kejìlá fi kọ̀ ọ́ fún àwọn Kátólíìkì, Róòmù sì tún un sọ ní 1983 pé ìdájọ́ náà kò yí padà. Wò ó, àlùfáà ló dá ọ̀kan sílẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìjọ ní Àkúrẹ́ àti Òǹdó lónìí kò ní gbà láti sin ẹni tó bá kú sínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni tèmi ti dun mí wọ egungun.

Ìgbà òjò ni ọkọ mi kú. Kò tíì pẹ́ tí a gbé e dé mọ́ṣúárì tí wọ́n fi dé, mọ́tò mẹ́ta. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n kí mi bó ṣe yẹ, "ìyàwó wa" ni wọ́n ń pè mí. Olórí wọn yọ lẹ́tà kan. Ìkọ̀wé ọkọ mi ni, mo mọ bó ṣe máa ń fa ìrù "y" gùn wọ ìlà ìsàlẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí òun bá kú, kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ ṣe ètò tiwọn lára òun kí ẹnikẹ́ni tó ṣe tirẹ̀. Wọ́n ní wákàtí kan péré ni àwọn ń fẹ́, kí èmi àti àwọn ọmọ má ti sí níbẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìjọ ti gbọ́. Wọ́n ní bí wọ́n bá fọwọ́ kan òkú náà, ìjọ kò ní kọ orin kan, kò ní sí ilẹ̀ ìsìnkú, kò ní sí ìdúpẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ìjọ tí mo ti ń san ìdámẹ́wàá láti ìgbà wúńdíá mi! Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ohun tí òkú bá wí ni kí a ṣe. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ní kò sí ẹni tó máa fi ẹ̀gbọ́n òun ṣe ètùtù. Pálọ̀ mi ni wọ́n ti ń ja gbogbo rẹ̀, owó mọ́ṣúárì ń gorí ara wọn, aṣọ ẹbí ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, a ti sanwó fún alásè. O mọ bí ìsìnkú ṣe máa ń rí ní Òǹdó Ẹ̀kìmògún níbí. Èmi tí n kò búra fún ẹnikẹ́ni, èmi ni wọ́n fi sáàárín, tí ẹgbẹ́ ń fà lápá kan, tí ìjọ ń fà lápá kejì.

Nígbẹ̀yìn, ẹgbẹ́ ṣe tiwọn lóru, ìjọ dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, a sì sin ín sẹ́yìn ilé. Àgbà olùkọ́ ìjọ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ṣàánú wa. Bùbá àti ṣòkòtò ló wọ̀ wá, kò wọ aṣọ funfun ìjọ, ó sì bẹ̀ wá pé kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò òun. Àwọn ọmọ mi bi mí pé kí ni wọ́n fi bàbá àwọn ṣe ní wákàtí yẹn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Àkọ́bí mi àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ di báyìí.

Owó ìrànlọ́wọ́ opó tí wọ́n ń sọ, wọ́n mú un wá lóòótọ́, nínú àpòòwé, tòun ti ìwé ìṣirò. Wọ́n ti yọ owó ẹgbẹ́ oṣooṣù tí ọkọ mi kò rí san nígbà àìsàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ohun tó kù kò tó owó mọ́ṣúárì. Wọ́n wá ní kí n kó ẹrù ẹgbẹ́ fún àwọn. Mo fa báàgì dúdú náà yọ, a wá kọ́kọ́rọ́ títí, a kò rí i. Wọ́n gbé e lọ ní títì.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o bi ọ̀gá rẹ kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú rárá. Ní kó jẹ́ kí o ka ìbúra náà ṣáájú ọjọ́ tí o máa búra. Bó bá ní "tí o bá ti wọlé, wàá mọ̀," ó ti dá ọ lóhùn nìyẹn. Ta ló ń ra ilẹ̀ tó ń kọ́kọ́ tẹ̀ka, kó tó ka ìwé rẹ̀? Bi í bí èèyàn ṣe ń jáde, kó sì mú ọ mọ ẹnìkan tó jáde nírọ̀rùn tí o lè bá sọ̀rọ̀. Bi í nípa owó ẹgbẹ́ oṣooṣù, owó òkú, owó oyè, owó aṣọ. Owó ìwọlé tí o ní kò le yẹn ló kéré jù nínú ohun tí o máa san. Kí o tó kúrò níwájú rẹ̀, bi í pé bí o bá kú, ta ló ni òkú rẹ?

Ní ti ìgbéga tó ṣèlérí, ọ̀gá rẹ yìí kan náà ló ń kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ rẹ lọ́dọọdún. Ká ní ó gbé fáúṣà tí kò mọ́ síwájú rẹ lọ́la pé kí o fọwọ́ sí i. Bí o kò bá sí nínú ẹgbẹ́, o ṣì lè ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí máa kó wa sí wàhálà." Bí ẹ bá ti jọ mulẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, ohun tí wọ́n máa rán ọ létí nìyẹn. Òun náà á pé ọgọ́ta ọdún, tàbí kó pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, á gba ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ. Ìwọ lo máa kù sínú ìbúra pẹ̀lú àwọn tí o kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí o bá fẹ́ kọ̀ fún un, má wàásù, má sì bú ẹgbẹ́ rẹ̀. Má gba ẹ̀yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò yìí, má sì bá a jẹun alẹ́. Lọ bá a nílé, má ṣe é ní ọ́fíìsì. Sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ rò mí mọ́ rere. Mo sọ ọ́ nílé, wọn kò gbà fún mi, mi ò sì lè ṣe é lẹ́yìn wọn." Àgbà Yorùbá kì í sábà bínú sí ẹni tí ilé rẹ̀ kò gbà fún. Má sọ pé o ṣì ń rò ó, torí wọn kò ní yéé padà wá. Ohun tó bá sì ti sọ fún ọ, fi í sínú, má lọ fi ṣe ọ̀rọ̀ ìdí bíà ní Ọ̀yẹ́mẹ́kùn.

Tó bá wá jẹ́ pé o ti pinnu láti lọ, n kò lè dè ọ́ mọ́lẹ̀. Àmọ́ sọ fún ìyàwó rẹ lálẹ́ òní, kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà, jókòó kí o kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ rẹ ló máa pinnu bí wọ́n ṣe máa sin ọ́, kò sí ẹlòmíì. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ọkọ mi kọ, ọwọ́ ẹgbẹ́ ló sì wà. Ìwọ kọ tìrẹ ní mẹ́ta: ọ̀kan fún ìyàwó rẹ, ọ̀kan fún lọ́yà, ọ̀kan fún ẹgbẹ́, kí ẹni tó gba ti ẹgbẹ́ fọwọ́ síwèé pé ó tẹ àwọn lọ́wọ́, àwọn sì fara mọ́ ọn. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, padà sílé.