Ṣé oníkéèkì lè kọ̀ láti ṣe kéèkì ìgbéyàwó ọkùnrin méjì ní Amẹ́ríkà?
Ó kù sí ọwọ́ ohun tó ń tà àti ìpínlẹ̀ tó wà. Ní Colorado, òfin kò gbà kí olóko-òwò lé oníbàárà nítorí irú ẹni tó ń fẹ́. Lóòótọ́, oníkéèkì Masterpiece Cakeshop ní Colorado, tó kọ̀ láti ṣe irú kéèkì bẹ́ẹ̀, jàre ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2018, adájọ́ 7 sí 2, ṣùgbọ́n torí pé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ náà fi ojú tín-ín-rín wo ẹ̀sìn rẹ̀ ni. Wọn ò dáhùn ìbéèrè gan-an. Ní 2023, nínú ẹjọ́ 303 Creative, 6 sí 3, wọ́n ní ìjọba ò lè fipá mú ẹni tó ń ṣe ìkànnì wẹ́ẹ̀bù fún ìgbéyàwó láti kọ ohun tí kò gbà gbọ́. Òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n gùn lé níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀sìn (ọ̀pọ̀ ló ń ṣi èyí mú). Lójú tèmi, ẹni tó ń fi àga àti kánópì háyà ò lè sá sábẹ́ ìdájọ́ yìí. Àga ò sọ̀rọ̀.