Ṣé tèèyàn bá jókòó sínú òkùnkùn, iṣan ojú ẹ̀ máa sinmi?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ẹnì kan tó ń ta oògùn ní iṣan inú ojú mi ló já, pé kí n máa kán oògùn òun sí i, kí n sì máa jókòó sínú òkùnkùn lójoojúmọ́ kí iṣan náà lè sinmi, kó sì lẹ̀ padà. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o, irọ́ ni. Wọ́n ti bi mí léèrè yìí títí ó ti ń bí mi nínú.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ́tínà, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn nínú ẹyinjú, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò so kọ́ra bíi wáyà. Àlàfo tín-ín-rín wà láàárín wọn, bíi 20 nánómità, ibẹ̀ là ń pè ní sínáàpù. Sẹ́ẹ̀lì kan á tu kẹ́míkà síbẹ̀, èkejì á gbà á. Kí wá ni oògùn yẹn fẹ́ lẹ̀?

Ti òkùnkùn yẹn ló dùn mí jù. Inú òkùnkùn gan-an ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ jù! Tílẹ̀ bá ṣú, ńṣe ni wọ́n á máa tu kẹ́míkà wọn, tó ń jẹ́ glutamate, jáde láìdábọ̀, ọ́síjìn tí wọ́n ń lò nígbà yẹn sì ju ti inú ìmọ́lẹ̀ lọ. Tí ìmọ́lẹ̀ bá wá kàn wọ́n, wọ́n á dín glutamate yẹn kù, ìdínkù yẹn gan-an ló ń sọ fáwọn sẹ́ẹ̀lì tó kàn, àwọn bipolar, pé ìmọ́lẹ̀ ti dé. Àwọn bipolar kan wà tó jẹ́ pé tó bá dín kù ni wọ́n máa ń ta jí, àwọn tó kù, àfi tó bá pọ̀. Òun lẹ fi ń rí lẹ́tà dúdú lórí bébà funfun. Ẹ má torí ẹ̀ máa tanná sùn o, òkùnkùn ò ba ojú jẹ́, kì í kàn ṣe oògùn ni.

Mi ò lè sọ ohun tó ń ṣe yín láìyẹ ojú yín wò: ó lè jẹ́ gíláàsì lẹ nílò, ó lè jẹ́ cataract, ìyẹn kí dígí inú ẹyinjú di bàìbàì, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ, tàbí glaucoma, ìyẹn àrùn tó ń pa iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ, iṣan tí glaucoma bá sì ti pa kì í jí mọ́. Ẹ dá oògùn yẹn dúró, torí sitẹ́rọ́ọ̀dù, ìyẹn oògùn tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀, wà nínú òmíì, ó sì lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga, kẹ́ ẹ sì mú ìgò ẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Tẹ́ ẹ bá ń rí i tí nǹkan ń kọ mànà, tàbí tó dà bíi pé kọ́tìnnì ń bo ẹ̀gbẹ́ ojú yín, ẹ jọ̀ọ́, òní náà ni kẹ́ ẹ lọ.