Ọ̀pá ìbọn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe igi rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ọdẹ ní Kétu, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá igi dídán àti irin tí kò dípẹtà tó láti fi mọ̀ pé ìbọn ẹlẹ́nu méjì àlòkù tí wọ́n fẹ́ tà fún yín dára. Kò tó rárá, nítorí òróró lè bo àbùkù púpọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ẹ tú ọ̀pá rẹ̀, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì wo inú rẹ̀: bí òjìji kan bá wọ́ níbì kan, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pá náà ti wú tàbí kí ó ti tẹ̀ wọnú. Ẹ fi okùn gbé e kọ́, kí ẹ rọra lù ú. Bí ó bá dún bí agogo, àwọn ọ̀pá méjèèjì ṣì so pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá dún bí ìkòkò tó sán, ẹ fi í sílẹ̀.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni àmì abẹ́ ọ̀pá. Ilé ìdánwò ìbọn ní Liège ní Belgium, tí ó ti wà láti 1672, àti ti Saint-Étienne ní Faransé máa ń tẹ àmì sí ọ̀pá tí ó bá yege. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí 65 tàbí 70, èyí tí ó jẹ́ gígùn ihò tí ọta máa ń wà kí wọ́n tó yìn ín, ní mìlímítà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ki ọta 70 sínú ihò 65, bó tilẹ̀ wọlé, nítorí ẹnu ọta náà tí wọ́n ká pọ̀ kò ní ráyè ṣí tán, agbára iná yóò sì pọ̀ ju èyí tí irin lè gbà. Bí nọ́ńbà ara ìbọn náà kò bá sì bá ti ìwé àṣẹ mu, ẹ dá a padà.