Kí ló dé tí omi odò fi máa ń ní àwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀rùn, tí kì í rí bẹ́ẹ̀ lásìkò òjò?

Ìdí ni pé lẹ́ẹ̀rùn, omi odò bíi Ògùn máa ń rọra ṣàn, ó máa ń mọ́, oòrùn sì máa ń ràn wọ inú rẹ̀. Èyí ni álígè, ewéko wínníwínní tó ń mú òkúta odò yọ̀, fi ń gbilẹ̀. Àgbàrá òjò àkọ́rọ̀ ló sábà máa ń gbá oúnjẹ rẹ̀, náítíréètì àti fọ́síféètì, wá láti inú ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni omi ń rú, tó sì ń yára: ìmọ́lẹ̀ kì í wọlé, ìṣàn omi sì ń gbá álígè lọ. Níbi tí omi ìdọ̀tí ilé tàbí ti ilé ìpẹran bá ń wọ odò, oúnjẹ yìí kì í wọ́n lẹ́ẹ̀rùn pàápàá. Ibẹ̀ ló yẹ ká ṣọ́ jù, nítorí lóru, álígè tó pọ̀ lápọ̀jù lè fa ọ́síjìn omi tán, kí ẹja sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́.