Ẹ bá ọmọ yín wọlé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ pa ìtàn náà fún yín

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Mo ka ìbéèrè yín pé ọmọkùnrin yín, ọmọ ọdún 13, fẹ́ kí ẹ mú òun lọ wo Demon Slayer: Infinity Castle ní sinimá, pé ẹ ò mọ nǹkan kan nípa anime, ìyẹn fíìmù àwòrán tí àwọn ará Jàpáànì ń yà, àti pé ṣé kí ẹ kàn já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ padà wá gbé e tó bá parí. Rárá o, mà. Ẹ bá a wọlé. Ìdí kan ni pé wọn ò ní jẹ́ kó wọlé láìsí yín. Ìdí kejì gùn díẹ̀, òun gan-an ni mo fẹ́ sọ, torí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa.

Houston níbí la wà, apá Alief. Ní 2020, nígbà tí Kòrónà ti ilé ìwé pa, àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 11. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó wo Demon Slayer láti apá kìíní dé apá kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí apá kẹrìndínlọ́gbọ̀n yẹn parí sí ni ibi tí Tanjiro, ọmọkùnrin tó ń bá ànjọ̀nnú jà nínú ìtàn náà, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, sinimá ni wọ́n gbé e lọ, òun ni Mugen Train. Ní Jàpáànì, oṣù kẹwàá 2020 ló jáde, owó tó pa níbẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 40 owó yen, ó sì kọjá fíìmù Spirited Away tó ti wà lókè láti 2001. Àwa tí a wà ní Amẹ́ríkà dúró títí di ọjọ́ 23 oṣù kẹrin 2021. Gbogbo oṣù mẹ́fà yẹn ni ọmọ náà fi ń fa ìlà sí kàlẹ́ńdà.

Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, tèmi àti tiẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, mo rò pé ìyẹn tó. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, obìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò wá lẹ́sẹ̀ kan, ó béèrè ọjọ́ orí àbúrò mi. R ni wọ́n fi sí fíìmù náà, bíi ti Infinity Castle. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 17 kò lè wo R láìsí òbí tàbí àgbàlagbà tó mú un dání, ilé sinimá tí a lọ sì ní òfin tiwọn pé àgbàlagbà náà gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 21. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi káàdì ìdánimọ̀ mi hàn án, mo ní ọmọ ìyá mi ni. Ó ní òun ò lè ṣe é. Àbúrò mi ò sọ nǹkan kan. Ó dúró síbẹ̀ nínú aṣọ Tanjiro tí a rà fún un, aláwọ̀ ewé àti dúdú onígun mẹ́rin mẹ́rin, omijé ń ṣàn wọ inú ìbòmú rẹ̀.

Mo pe màmá wa. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé ni. Wọn ò bínú sí mi lórí fóònù, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù. Wọ́n kàn béèrè orúkọ ilé sinimá náà. Kó tó pé ogún ìṣẹ́jú wọ́n ti dé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì kan sí i, a sì wọlé. Àyè àárín ìjókòó ṣì ṣófo nígbà náà nítorí àrùn, ìdílé kan síhìn-ín, ìdílé kan sọ́hùn-ún. Kí fíìmù tó lọ jìnnà, màmá mi ti sùn.

Wọ́n jí nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Ẹni tó wà lójú ìran ni Rengoku, ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní Hashira. Ó ti bá ànjọ̀nnú kan tó ń jẹ́ Akaza jà títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́, ànjọ̀nnú náà ti fi ọwọ́ gún un ní ikùn já sẹ́yìn, ṣùgbọ́n nínú gbogbo èrò ọkọ̀ yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kú. Bó ṣe jókòó tó ń kú lọ, ó rí ìyá rẹ̀. Ìyá náà ti kú nígbà tó wà ní kékeré, ó sì ti sọ fún un pé ẹni tí Ọlọ́run dá lágbára, torí kó lè ran aláìlágbára lọ́wọ́ ni. Rengoku bi í bóyá òun ti ṣe ohun tó yẹ kí òun ṣe. Ìyá rẹ̀ ní ó ṣe dáadáa. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó kú.

Màmá mi ò mọ ẹni tí Rengoku ń jẹ́. Wọn ò mọ ànjọ̀nnú, wọn ò mọ Hashira. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti dúró ti ẹni tó ń kú lọ ní wọ́ọ̀dù, tí kò sí ìyá, tí kò sí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ torí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Wọ́n di ọwọ́ mi mú gbọn-in, wọ́n ń sunkún. Àbúrò mi ń sunkún lápá kejì. Nígbà tí orin LiSA, Homura, bẹ̀rẹ̀ tí orúkọ àwọn tó ṣe fíìmù ń gòkè, kò sẹ́ni tó dìde nínú yàrá yẹn. Inú mọ́tò ni màmá mi ti bi wá pé, "Kí lorúkọ ọmọ yẹn?" Àbúrò mi dáhùn. Wọ́n ní, "Ọmọ gidi ni. Ìyá ẹ̀ kú, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyá ẹ̀ kú."

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà nílé wa, mà. Ṣùgbọ́n ó dun màmá mi pé àwọn sùn. Wọ́n ní bí àwọn bá mọ ẹni tí ọmọ náà jẹ́ ni, àwọn ò ní sùn. Fíìmù tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń wò, àárín ìtàn ló sábà máa ń jẹ́. Ohun tó ń pa wọ́n lẹ́kún ti wà nínú wọn láti ọdún mélòó kan kí wọ́n tó dé sinimá. Ẹni tí kò bá gbé nǹkan kan wọlé, ìjà àti ariwo lásán ló máa rí.

Nítorí náà, ní alẹ́ kan kí ẹ tó lọ, tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ń gé ẹ̀fọ́ náà ni, ẹ ní kí ọmọ yín pa ìtàn náà fún yín. Ẹ má bẹ̀rù, ó máa sọ ọ́, wọ́n fẹ́ràn kí a bi wọ́n. Infinity Castle bẹ̀rẹ̀ gan-an níbi tí apá Hashira Training ti 2024 parí sí, kò sì sẹ́ni tó máa dúró ṣàlàyé fún yín. Tí a bá ka gbogbo apá tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n láti 2019, wọ́n jẹ́ 63. Ẹ ò lè wo gbogbo rẹ̀. Ẹ kàn rí i dájú pé ẹ ti gbọ́ nípa Muzan tó pa ẹbí Tanjiro tó sì sọ àbúrò rẹ̀, Nezuko, di ànjọ̀nnú. Nípa Shinobu, ọ̀kan nínú àwọn Hashira, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ànjọ̀nnú pa. Àti nípa ohun tí Akaza ṣe fún Rengoku. Tí àyè bá wà, ẹ jọ wo Mugen Train nílé. Ìyẹn nìkan tó gbé yín wọlé. Ẹ sì mọ̀ pé kò ní parí níbẹ̀, mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ ṣe é, èyí ni àkọ́kọ́.

Ẹ béèrè nípa èdè. Níbi tí ẹ ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí SUB tàbí DUB lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò. SUB, ohùn Jàpáànì ni, wọ́n á kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀. DUB, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Ọmọ yín máa fẹ́ SUB, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra. Tí ojú yín bá dá ṣáká, ẹ gbà fún un, torí ohùn àwọn òṣèré yẹn ló ti mọ́ ọn létí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń lo awò ojú, ẹ má gbàgbé rẹ̀ sílé. Ní oṣù kejìlá 2023, a mú màmá mi lọ wo anime mìíràn, The Boy and the Heron ti Miyazaki, SUB ni, awò ojú wọn sì wà lórí tábìlì nílé. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá sí wọn létí títí ẹni tó wà lẹ́yìn wa fi ní kí a dákẹ́, òótọ́ ló sì sọ. Mo panu mọ́. Ó kù ibì kan tí kò tiẹ̀ nílò ìtumọ̀: àwọn ẹ̀dá funfun róbótó kan, Warawara, ń fò lọ sókè lóru kí wọ́n lè lọ di ọmọ tí wọ́n máa bí sáyé, àwọn ẹyẹ sì ń gbé wọn mì lójú ọ̀nà. Mo gbọ́ tí màmá mi sọ jẹ́jẹ́ pé, "Háà, àwọn tó ń bọ̀ wáyé." Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wọn. Ilé wa ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa lọ náà ṣe pàtàkì. Infinity Castle jáde níbí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 2025, ó pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 70 dọ́là láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn la lọ. Àwọn ọmọ wọ aṣọ Nezuko, wọ́n há ìtì oparun sẹ́nu, wọ́n ń ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí Zenitsu, ọ̀rẹ́ Tanjiro, fi àrá tirẹ̀ gé ọrùn ẹni tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, ṣe ni gbogbo yàrá dìde pariwo bíi pé bọ́ọ̀lù wọlé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dé ọkàn, ara ohun tí a sanwó fún ni. Ṣùgbọ́n tí ariwo bá ń yọ yín lẹ́nu, ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ni kí ẹ lọ, ẹ máa gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Àárín ni kí ẹ jókòó, ìlà kẹta tàbí ìkẹrin láti ẹ̀yìn, torí ilé ńlá inú fíìmù náà máa ń yí, òkè á di ìsàlẹ̀, ẹni tó bá jókòó síwájú, òòyì máa kọ́ ọ. Ohun kan tí mi ò fara mọ́ ni àwọn tó ń gbé fóònù sókè láti ká ìjà sílẹ̀. Iná rẹ̀ máa ń ta sójú gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ọmọ yín sọ ọ́ nílé.

Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 35 ni. Ẹ jẹ́ kó lọ sí ilé ìtọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Gúgúrú tó, omi ẹlẹ́rìndòdò ńlá yẹn ni kí ẹ má rà.

Ẹ sì dúró títí iná á fi tàn. Ní oṣù kẹta 2022, a lọ wo anime mìíràn, Jujutsu Kaisen 0. Bí orúkọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ni mo ní ká máa lọ, torí iṣẹ́ òwúrọ̀ wà. Ọjọ́ kejì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ fún àbúrò mi pé ìran kan wà lẹ́yìn gbogbo orúkọ yẹn: Yuta, ọmọ tí ìtàn náà dá lé, jókòó ti Miguel, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú inú ìtàn náà, wọ́n ń jẹun ní ilẹ̀ Áfíríkà, Gojo, olùkọ́ Yuta, wá ń bọ̀ wá bá wọn. Nínú gbogbo fíìmù náà, èyí tó kan ilẹ̀ wa ni mo mú un kúrò níbẹ̀ kó tó rí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dárí jì mí, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń dùn mí.

Ẹni tí kò bá tíì wo Infinity Castle, kó fo ìpínrọ̀ yìí. Màmá, ẹ̀yin ní láti kà á kí ẹ tó mú ọmọ ọdún 13 lọ. Ẹ̀jẹ̀ àti orí tó ń bọ́ pọ̀ níbẹ̀, ìyẹn lẹ ti mọ̀. Ohun tó wúwo jù kì í ṣe ìyẹn. Wọ́n fi bí Akaza ṣe jẹ́ ènìyàn tẹ́lẹ̀ hàn: ọmọdékùnrin tó ń jalè kó lè ra oògùn fún bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Nígbà tí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ náà pọ̀ jù, bàbá pokùn so, ó ní kí ọmọ òun lọ gbé ayé rere. Lẹ́yìn náà, ó rí ọ̀gá kan, ó rí ọmọbìnrin kan tó fẹ́ fẹ́, àwọn ọ̀tá sì fi májèlé sínú kànga wọn. Mo fẹ́ kí ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yín nígbà yẹn.

Ọdún mẹ́rin ni àbúrò mi fi kórìíra Akaza nítorí Rengoku. Ó ti di ọmọ ọdún 16 nígbà tí a lọ wo Infinity Castle, èmi náà ti kọjá 21, màmá mi ò nílò láti bá wa wọlé mọ́. Wọ́n wá, wọ́n gbé awò ojú dání. A jáde, ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀. A wọ mọ́tò, a dé òpópónà Bissonnet, iná pupa dá wa dúró, àbúrò mi ṣì ń wo ìta fèrèsé. Tí tiyín náà bá dákẹ́ báyẹn, ẹ má bi í ní nǹkan kan, ẹ jẹ́ kó dákẹ́. Iná ti fẹ́ di ewé kó tó sọ pé, "Màmá, bàbá ẹ̀ ló ń jí oògùn fún." Màmá mi ní, "Mo rí i, ọmọ mi."