Ọjọ́ méje lórí òkun: ohun tí ó yẹ kí èrò àkọ́kọ́ mọ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Èmi àti ọkọ mi, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ti sanwó ìrìnàjò ọjọ́ méje nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú òkun. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tí ó ti wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní yàrá àti oúnjẹ ti wà nínú owó tí a san. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó tún yẹ kí a mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń gbé inú ọkọ̀ náà? Èébì ojú òkun sì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba màmá jù.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ ìrìnàjò o, mo sì dúpẹ́ pé ẹ béèrè kí ẹsẹ̀ yín tó kan ọkọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó nídìí tábìlì ìgbàlejò nínú irú ọkọ̀ yìí, níbi tí gbogbo ẹjọ́ inú ọkọ̀ ń wá sí, n kò sì lè sọ pé ìgbì òkun ni ó sábà máa ń mú èrò àkọ́kọ́ fi ìbínú wá bá wa. Owó tí wọn kò mọ̀ pé àwọn ti ná ni, àti aago tí wọn kò wò dáadáa. Ìdí méjèèjì yìí ni màá pẹ́ sí jù.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìrìnnà yín ná. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń fẹ́ kí páṣípọ́ọ̀tù ṣì ní oṣù mẹ́fà nílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí ìrìnàjò bá parí. Ní ti físà, kì í ṣe orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ yóò ti gbéra nìkan ni ẹ ó wò, nítorí gbogbo ibi tí yóò dúró sí ni ó ní òfin tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Barcelona, tí ó yà sí Túnísíà, tí ó sì tún dé Ítálì, ẹ ti jáde kúrò ní agbègbè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n jọ ń lo físà kan náà, ẹ sì tún ti padà wọ ibẹ̀. Físà tí wọ́n fi fún yín láyè ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò ní tó. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń dá ẹni bẹ́ẹ̀ padà lẹ́nu àtẹ̀gùn ọkọ̀, wọn kì í sì í sábà dá owó rẹ̀ padà fún un.

Ní èbúté, wọn yóò gba àwọn báàgì ńlá lọ́wọ́ yín láti gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ lè ṣú kí tiyín tó dé, nítorí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún báàgì ni wọ́n ń pín lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Ọkọ̀ Icon of the Seas, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2024, lè gba èrò tó 7,600. Ẹ fojú inú wo ẹrù wọn. Oògùn màmá, páṣípọ́ọ̀tù gbogbo yín àti aṣọ kan tí ẹ lè pààrọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àpò tí ó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má di áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù tàbí àbẹ́là mọ́ ẹrù, wọn yóò gbà á ni. Iná ni ará ojú omi ń bẹ̀rù ju omi lọ, nítorí kò sí ìta tí ènìyàn lè sá jáde sí. Ní March 2006, iná jó ọ̀pọ̀ yàrá nínú ọkọ̀ Star Princess, èrò kan sì kú. Àwọn tí wọ́n wádìí rẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìdí sìgá tí ẹnì kan jù ni ó balẹ̀ sí bálíkónì ẹlòmíràn.

Kí ọkọ̀ tó gbéra ni wọn yóò pè yín sí ìdánrawò ààbò, ọ̀ranyàn sì ni. Òfin àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1914 nítorí ọkọ̀ Titanic tí ó rì, ni ó pa á láṣẹ. Tẹ́lẹ̀ rí, ọkọ̀ lè gbéra ná kí wọ́n sì ṣe é láàárín wákàtí 24. Nígbà tí Costa Concordia forí sọ àpáta lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní Ítálì ní January 13, 2012, tí ènìyàn 32 kú, àwọn kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tí wọn kò tíì ṣe ìdánrawò kankan. Láti 2015, òfin ti sọ pé kí ọkọ̀ tó gbéra tàbí bí ó bá ṣe ń gbéra gẹ́lẹ́ ni kí wọ́n ṣe é. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lónìí, ẹ ó wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n yàrá, ẹ ó sì lọ fara hàn ní ibi ìpéjọ tí wọ́n kọ sórí káàdì yín. Bí ẹ bá gbọ́ fèrè kúkúrú méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọ̀kan gígùn tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni kí ẹ gbà lọ. Ohun tí fídíò kì í tẹnu mọ́ tó ni pé ẹ̀yin fúnra yín ní láti rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú màmá, kí ẹ sì gba orí àtẹ̀gùn, nítorí a kì í lo ẹ̀rọ agbéniròkè nígbà ewu.

Ó wá kan owó. Káàdì kan ni wọn yóò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yín. Òun ni kọ́kọ́rọ́ yàrá, òun ni wọn yóò máa fi mọ̀ pé ẹ ti jáde tàbí ẹ ti wọlé ní èbúté, òun náà sì ni àpamọ́wọ́ yín, nítorí a kì í fi owó bébà ra nǹkan nínú ọkọ̀, àfi bóyá nídìí tẹ́tẹ́. Ẹ kàn fi káàdì kan ẹ̀rọ, ohun mímu ti dé nìyẹn. Owó kò kọjá lọ́wọ́, kò sì dunni títí di ọjọ́ ìṣirò. Bàbá kan gbé ìwé ìṣirò tirẹ̀ wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn, ojú ìwé mẹ́rin, ó ní òun kò jẹ ìdajì ohun tí ó wà níbẹ̀. A tẹ́ ẹ sórí tábìlì, a sì jọ ń kà á ní ìlà dé ìlà: kọ́fí ilé ìtajà kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ní àràárọ̀, fọ́tò mẹ́sàn-án, omi onígò tí wọ́n gbé sórí tábìlì yàrá rẹ̀ tí ó rò pé ẹ̀bùn ni, àti eré orí ẹ̀rọ tí ọmọ rẹ̀ fi káàdì ṣe láti ìrọ̀lẹ́ títí wọ òru. Nígbà tí a dé ojú ìwé kẹta, ó dákẹ́. Èmi náà kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ mọ ohun tí owó yín bò. Ilé oúnjẹ ńlá, ibi tí ènìyàn ti ń bu oúnjẹ fúnra rẹ̀, eré orí ìtàgé àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀. Ọtí, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ilé oúnjẹ àkànṣe, ìfọṣọ, íntánẹ́ẹ̀tì àti ìrìnàjò orí ilẹ̀ kò sábà sí níbẹ̀. Wọ́n tún máa ń yọ owó ìmoore àwọn òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́ lórí orí kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń jẹ́ kí èrò dín in kù tí ó bá wá sọ nídìí tábìlì wa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé àwọn tí ẹ kò ní fojú rí, àwọn alágbàfọ̀ àti àwọn afọ-àwo tí wọ́n wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, náà máa ń jẹ níbẹ̀. Bí ẹ bá fi káàdì tí ń yọ owó tààrà láti inú àpò báńkì yín sílẹ̀, ẹ mọ̀ pé wọn yóò ti iye kan pa sínú rẹ̀ bí ìdúró, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìrìnàjò kí báńkì tó tú u sílẹ̀. Ẹ máa yẹ ìṣirò yín wò ní alaalẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n yàrá tàbí fóònù. Àṣìṣe ọjọ́ kejì rọrùn láti tún ṣe ní ọjọ́ kejì.

Yàrá kò tóbi. Ẹ má retí ti hòtẹ́ẹ̀lì. Irin ni ọ̀pọ̀ ògiri rẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì kékeré sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tí ó wúlò láti fi so ìwé kọ́. Yàrá àárín tí kò ní fèrèsé máa ń ṣókùnkùn biribiri tí ènìyàn kò fi ní mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Omi ẹ̀rọ dára ní mímu, òmíràn nínú rẹ̀ jẹ́ omi òkun tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ilé ìgbẹ́ ń fi afẹ́fẹ́ fa ìdọ̀tí lọ ni. Ẹnì kan tí ó bá ju aṣọ ìnujú tútù sínú rẹ̀ lè dí ti gbogbo aládùúgbò rẹ̀ pa, ìrírí tí mo sì ní lórí èyí kò ṣeé kọ síbí.

Ní ti màmá, ọkọ̀ ńlá ní ìyẹ́ irin méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ omi tí ń dín yíyí rẹ̀ kù, ọ̀pọ̀ ọjọ́ sì ni ẹ kò ní mọ̀ pé ó ń lọ. Iwájú àti ẹ̀yìn ni ó máa ń fì jù, bí ìpẹ̀kun méjèèjì pákó tí ọmọdé fi ń ṣeré, tí àárín rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mira. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà báyìí láti béèrè bóyá yàrá ṣì wà ní àárín gbùngbùn ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀. Oògùn èébì máa ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá lò ó kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ṣùgbọ́n dókítà tí ó mọ àwọn oògùn mìíràn tí màmá ń lò ni kí ó yan èyí tí yóò lò, torí pé àwọn kan nínú wọn ń kunni lóorun, wọn kò sì bá gbogbo àgbàlagbà lára mu. Bí òòyì bá dé, kí màmá má ṣe dùbúlẹ̀ sínú yàrá kí wọ́n máa tẹjú mọ́ fóònù. Ẹ mú wọn jáde sí ìta, kí wọ́n wo ibi tí ọ̀run ti pàdé òkun, kí wọ́n sì máa jẹ búrẹ́dì gbígbẹ díẹ̀díẹ̀. Atalẹ̀ náà ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Èébì tí ó bá ìgbẹ́ gbuuru rìn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní norovirus máa ń tètè ràn níbi tí ènìyàn bá ti pọ̀, ọtí apakòkòrò (sanitizer) tí a fi ń pa ọwọ́ kò sì pa á dáadáa. Ọṣẹ àti omi ni, kí ẹ tó jẹun àti lẹ́yìn ilé ìgbẹ́. Ẹni tí ó bá mú gbọ́dọ̀ pe ilé ìwòsàn ọkọ̀, kódà bí wọn yóò tilẹ̀ ní kí ó jókòó sínú yàrá fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Àwọn tí wọ́n fi í pa mọ́ ni wọ́n ń kó o ran odindi àjà kan. Dókítà àti nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ni ìtọ́jú wọn, orí káàdì yẹn kan náà sì ni yóò lọ. Ẹ gba ìwé adójútòfò ìrìnàjò fún màmá, èyí tí ó bo gbígbé aláìsàn kúrò lójú òkun.

Aago wá kù. Ọkọ̀ ní aago tirẹ̀, ó sì lè yàtọ̀ sí ti ìlú tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ sí. Fóònù máa ń yí padà sí ti ìlú náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ so aago ọwọ́ lásán, kí ẹ sì fi í sí ti ọkọ̀. Àkókò tí wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà pé kí gbogbo èrò ti wọlé sábà máa ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú àkókò ìgbéra, èyí kò sì fi àyè sílẹ̀ fún sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ìgboro. Bí ó bá jẹ́ ìrìnàjò orí ilẹ̀ tí ẹ rà lọ́wọ́ ọkọ̀ ni ó pẹ́, ọkọ̀ a máa dúró de yín. Bí ẹ bá dá lọ, kì í dúró. Mo ti rí tọkọtaya kan tí wọ́n ń sá bọ̀ lórí èbúté pẹ̀lú ọ̀rá ìtajà lọ́wọ́ méjèèjì, tí àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́ fún wọn láti àjà òkè, ṣùgbọ́n wọ́n ti tú okùn ìkẹyìn, omi tí ó wà láàárín ọkọ̀ àti ilẹ̀ kò ju ìwọ̀n yàrá kan lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè dá a padà. Kí ọkọ̀ tó tú okùn ni àwa ti lọ ṣí àpótí ìpamọ́ yàrá wọn, tí a mú páṣípọ́ọ̀tù wọn fún aṣojú ọkọ̀ tí ó wà ní èbúté náà. Owó ara wọn ni wọ́n fi bá wa ní ìlú tí ó tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà aṣojú yẹn máa ń wà nínú ìwé ètò ojoojúmọ́; ẹ mú un dání kí ẹ tó jáde.

Kì í ṣe gbogbo èbúté ni ọkọ̀ ti lè fara kan ilẹ̀. Níbòmíràn, yóò ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, ọkọ̀ kéékèèké ni yóò sì gbé yín dé etí òkun. Bí orúnkún bá ń yọ màmá lẹ́nu, ẹ béèrè ṣáájú, nítorí ìgbésẹ̀ kan wà láàárín ọkọ̀ méjì tí kò dúró sójú kan. Ọ̀gá atukọ̀ náà sì lè fo èbúté kan nítorí ìjì, ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí sì fún un láṣẹ bẹ́ẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó pòórá lẹ́yìn yín, ẹ fi fóònù sí ètò ọkọ̀ òfurufú (airplane mode). Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sátẹ́láìtì ọkọ̀, iye tí ilé iṣẹ́ fóònù yín yóò sì gbà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lè ju ti odindi oṣù lọ.

Ní alẹ́ ìkẹyìn, wọn yóò ní kí ẹ gbé àwọn báàgì ńlá sí ìta yàrá, nígbà mìíràn kí aago méjìlá òru tó lù, a ó sì kó wọn lọ sísàlẹ̀. Ọkùnrin kan ṣe bẹ́ẹ̀, ó wá jí láàárọ̀, ó sì rí i pé aṣọ orun tí ó wọ̀ nìkan ni ó kù fún òun. Ó dúró níwájú tábìlì mi láìwọ bàtà, ó ń rọra sọ̀rọ̀ kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ má baà gbọ́, ó sì di ẹni tí ó fi ṣòkòtò alásè wa kan sọ̀kalẹ̀ sí èbúté. Kí ẹ tó ti báàgì pa, ẹ yọ aṣọ àárọ̀, bàtà, oògùn màmá àti páṣípọ́ọ̀tù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí àga.