Èsì: Ohùn ìyá tó há, kókó olómi lọ́rùn

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ ti béèrè bóyá kókó olómi inú táíróọ̀dù wọn (ẹ̀yà ara tó wà níwájú ọrùn) ló mú kí ohùn wọn há. Bẹ́ẹ̀ ni, kókó olómi tí kì í ṣe jẹjẹrẹ lè mú kí tán-án-ná kan (okùn ohùn inú ọ̀fun) má mira mọ́, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀. Ẹ̀yìn táíróọ̀dù ni iṣan tó ń darí tán-án-ná gbà kọjá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣàdédé kún inú kókó, á tẹ iṣan náà.

Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá. Ní OOUTH (ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ), Ṣàgámù, ẹ béèrè fún:

1. Kámẹ́rà ọ̀fun.
2. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, kí láàbù yẹ omi náà wò. Èsì tó dára nìkan kò tó.
3. CT (àwòrán inú ara) láti ọrùn dé àyà, torí iṣan apá òsì sọ̀kalẹ̀ dé àyà.

Bí wọ́n bá tètè yọ kókó náà, ohùn lè padà láàárín oṣù mélòó kan. Bí èémí bá ń dún fíìn, ẹ gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.